Ọ̀nà Orí Mẹ́ta àti Ẹnu Bíréèkì

Ìtàn tèmi kò já lu ọba kankan, kò já lu ẹranko inú igbó, kò sì já lu ọmọ arẹwà tó ń kọ ọkọ. Àbúrò mi ọkùnrin ló já lù, kò sì tíì bọ́ lára rẹ̀ títí di òní.

Bíréèkì ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa tírélà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò pa èèyàn, kò pa ewúrẹ́, kò tilẹ̀ fọ́ gíláàsì iná ẹnikẹ́ni. Ẹ má tíì yìn ín. Ohun tó fà á ni pé kì í sáré. Bí ewé bá jábọ́ níwájú rẹ̀, á tẹ bíréèkì. Bí òjìji igi bá nà sójú ọ̀nà, á tẹ bíréèkì. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kan fi ìbúra sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan, ó tẹ bíréèkì nítorí pé ẹnì kan húkọ́ nínú rédíò. Ẹrù tó yẹ kó dé lónìí, ọ̀tunla ni yóò dé, ṣùgbọ́n yóò pé, kò sì ní lábàwọ́n. Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn láti fi bú u, òun gbà á bí oyè.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti há gbogbo lẹ́tà tó wà lára bébà ògiri dókítà ojú sórí, ọdọọdún ló ń lọ kà á bí àkọ́sórí ọmọ ilé ìwé. Lọ́dún tí wọ́n gbé bébà tuntun kọ́, àbúrò mi dúró gbọnin, ó ka ti àtijọ́ láti òkè délẹ̀ láìkọsẹ̀. Dókítà jẹ́ kó kà á tán. Ó ní, "Ẹ káre, sà." Ó sì gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó ṣe di pé Bíréèkì ń ṣí géètì fún àwọn tó ń kó búlọ́ọ̀kù nìyẹn, láti aago méje òwúrọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Tó bá sì délé, ìyàwó rẹ̀ ló ń wà.

Ìyàwó wa, aṣọ lílọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Nínú pálọ̀ wọn ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Àbúrò mi á fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, á jókòó bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, á máa júwe: "Rọra o, kọ́là ń bọ̀ níwájú! Yà sọ́tùn-ún díẹ̀. Dúró, dúró, bọ́tìnì nìyẹn!" Ọdún kẹta rèé tí ìyàwó wa ń gbọ́ ọ, kò sì tíì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kan, ó gun àpótí láti so kọ́tìnì. Ọkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń júwe. Àpótí yẹ̀, egungun ìbàdí obìnrin náà sì kán. Mo bi Bíréèkì léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún un pé kó tẹ̀ ẹ́." Mo ní kí ni kó tẹ̀ lórí àpótí? 

Ilé ìwòsàn eegun ni wọ́n gbé e lọ, ní ìparí ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí ìlú ti fẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn náà kò kéré. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi fẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n dí i, wọ́n tún gbẹ́ ibi tí wọ́n dí, àfi bí ẹni gbàgbé kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀. Gbogbo aṣọ tí a bá sá sórí okùn ló ń di aláwọ̀ sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ojú ọ̀nà méjì tí a ní tẹ́lẹ̀ wà bó ṣe wà, ó kàn dúdú sí i ni. Àwọn méjì tuntun wà láàárín, wọ́n fi òpó rọ́bà pupa pààlà wọn kúrò lára tiwa. Ọkọ̀ tó bá ní orí mẹ́ta nínú, ìyẹn èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú dírẹ́bà, ọ̀fẹ́ ni yóò gba ibẹ̀. Ọkọ̀ tí orí rẹ̀ kò bá pé mẹ́ta, kámẹ́rà orí òpó á ya nọ́ńbà rẹ̀, owó ojú ọ̀nà á sì tẹ̀lé e délé, owó tó lè mú kí èèyàn fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ọkọ̀ bá sì ti wọ ibẹ̀ lábẹ́ afárá àdúgbò wa, kò sí ibi tó lè gbà jáde mọ́ àfi lẹ́bàá ilé ìwòsàn eegun. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá wọ inú páìpù.

Báyìí ni ìlà kan ṣe bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ afárá. Àwọn tó lọ́kọ̀ ṣùgbọ́n tí orí wọn kò pé, wọ́n á dúró níbẹ̀. Àwọn tí kò lọ́kọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n lórí, wọ́n á tò sórí ìlà. Dírẹ́bà á yọjú lójú fèrèsé, á ní "Orí kan!" tàbí "Orí méjì!", ẹni tó wà níwájú á wọlé. Ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀: má sọ̀rọ̀ àfi tí ọlọ́kọ̀ bá bá ọ sọ̀rọ̀, má fọwọ́ kan rédíò, má jẹ ohun tó ń rùn, má gbá ilẹ̀kùn bí ẹni ń jà. Jókòó, kí o sì jẹ́ orí. Ìyẹn nìkan ni wọ́n fẹ́.

Aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gba àlejò nílé ìwòsàn náà. Bó bá di márùn-ún, nọ́ọ̀sì kan tó ga bí àkàbà á ti ilẹ̀kùn pa, kódà bó jẹ́ ẹni tó ń kú lọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń gba ojú ọ̀nà tiwa, wákàtí méjì àti ààbọ̀ ló ń lò. Ọ̀nà orí mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Bíréèkì ń kúrò níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́ta. Ọ̀gá rẹ̀ ti fún un ní ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó, ó ní bó bá tún béèrè ẹyọ kan sí i, kó kúkú máa sinmi títí ayé. Nítorí náà, àfi ìlà abẹ́ afárá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń rí ọkọ̀ wọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e jẹ́ ọkùnrin onítáì kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí Bíréèkì wọlé. Àbúrò mi de bẹ́líìtì, ó ní kí ọkùnrin náà tún díńgí ẹ̀gbẹ́ ṣe. Kí wọ́n tó rin máìlì méjì, ó ti fi gìgísẹ̀ gún ihò sí kápẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ọkàn tèmi balẹ̀. Ìwọ lò ń sáré bí ẹni jí nǹkan gbé, ọmọ mi. Wo iwájú! Wo ẹ̀yìn! Má wo mí, iwájú ni mo ní kí o wò!"

Kò sí ẹni tó lè sọ fún bàbá arúgbó pé kó panu mọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni gbogbo wọn. Nítorí náà, wọn kò sọ nǹkan kan fún un, ara wọn ni wọ́n sọ ọ́ fún. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, gbogbo àwọn ọlọ́kọ̀ abẹ́ afárá. Wọ́n gbé àwòrán àbúrò mi síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún bàbá onífìlà aláwọ̀ ewé. Ó pààrọ̀ fìlà. Wọ́n gbé àwòrán tuntun síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan wá burú, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló sì ṣe pàtàkì. Egungun ìyàwó wa ti ń jinná, wọ́n ti fi irin sí i, dókítà ní kó dìde rìn. Ó kọ̀. Wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn wá, ọmọ kan tí apá rẹ̀ tó itan mi. Ìyàwó wa wò ó, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni ọ́, ṣùgbọ́n o kò ní gbá mi mọ́ra. Ọkọ mi ni yóò dì mí mú." Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì gíga wá sọ ọ́ fún mi lórí fóònù láìfi bò pé bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí kò dìde, ẹlòmíràn nílò bẹ́ẹ̀dì yẹn, wọ́n á gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn tí kò lè dìde mọ́ sí. Ẹni tí kò bá lè rìn kò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn. Tó bá dé ilé yẹn, kò ní padà wálé mọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bíréèkì ló wà níwájú ìlà. Ọkọ̀ kan dúró. "Orí kan!" Ó bọ́ síwájú. Ọlọ́kọ̀ wò ó.

"Ẹ má bínú, bàbá, orí méjì ni mo fẹ́ sọ."

"Kò burú. Èmi àti ìyá ẹ̀yìn mi yìí."

"Ẹ má bínú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mo ti lórí tó." Ó sì wa ọkọ̀ lọ láìmú ẹnikẹ́ni, ó gbà láti san owó. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó.

Ó wọ bọ́ọ̀sì. Aago márùn-ún ààbọ̀ kọjá kó tó débẹ̀. Ọjọ́rú, bákan náà. Ọjọ́bọ̀, bákan náà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá a nílé. Ó jókòó sídìí tábìlì aṣọ lílọ̀, kò tan iná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn èèyàn yẹn ò mọ ọkọ̀ọ́ wà."

"Ta ló bi ọ́? Orí rẹ ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ ẹnu rẹ."

"Ara orí mi lẹnu mi wà."

"Fi í sílé lọ́la."

"Ẹ wò ó, mo ti gbìyànjú. Mo jẹ ahọ́n mi títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Tí mo bá ti rí i tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú pọ́n báyìí, ó ń jáde fúnra rẹ̀ ni." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Wọ́n á gbé e lọ, àbí?"

Ẹni tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n nígbà tó wà lọ́mọdé ni. N kò lè fi í sílẹ̀ sínú òkùnkùn báyẹn. Mo ní, "Èmi á bá ọ lọ lọ́la. Omi lo máa bù sẹ́nu. Láti abẹ́ afárá títí a ó fi débẹ̀, o kò ní gbé e mì, o kò ní tu ú."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé jígí dúdú olóògbé ọkọ mi àti àkẹtẹ̀ ńlá rẹ̀ fún un. Ó jọ olè tó ń lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì ló dúró, irun orí rẹ̀ ń dán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni. "Orí méjì!" Kíá ni Bíréèkì bu omi sẹ́nu, mo tì í sẹ́yìn ọkọ̀, èmi jókòó síwájú.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ káàsán sà."

Bíréèkì mi orí.

"Ṣé ara bàbá le báyìí?"

"Ó le, ọmọ mi. Eyín ló ń dùn ún."

"Ẹ̀yà! Eyín burú. Ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀, sà?"

"M̀," ni bàbá wí.

"Méjèèjì," ni mo wí.

Ọmọ náà láàánú lójú. Ó sọ ìtàn eyín àǹtí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ kan ló sì fi ń wakọ̀, èkejì ni ó fi ń ṣàpèjúwe. Sáré ló ń sáré. Àwọn òpó rọ́bà ń kọjá lára wa bí eyín òòyà. Mo yọjú wo ẹ̀yìn nínú díńgí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò mi ti wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́, omijé ń ṣàn lábẹ́ jígí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lu ẹ̀yìn àga ọmọ náà, gbì, gbì, gbì.

"Kí ló ń dún yìí? Ṣé táyà ni?"

"Irora ni," ni mo wí.

A ti rin ìdajì ọ̀nà. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́kàn mi. Nígbà náà ni nǹkan funfun kan gbéra láti ẹ̀gbẹ́ òpó, ó fò sójú ọ̀nà níwájú wa.

"BÍRÉÈKÌ!"

Omi ẹnu rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó bá ọmọ náà lọ́rùn, ó bá irun tuntun, ó ta dé ara gíláàsì iwájú. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì, gbogbo àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn wa figbe ta. Nǹkan funfun náà wú, ó yípo lẹ́ẹ̀kan, ó fò kọjá lórí wa. Ọ̀rá ìkẹ́rù lásán ni.

"Mo rò pé ọmọdé ni," ni Bíréèkì wí.

Ọmọbìnrin náà yí ojú padà díẹ̀díẹ̀, omi ń kán ní etí rẹ̀. "Ọmọdé ta, sà? Ní ibi tí ajá ò lè wọ̀?" Ó wá la ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ni bàbá bíréèkì! Àwòrán yín wà lórí fóònù mi! Ẹ má bínú o, sà, ẹ̀yin lẹ dàgbà, ṣùgbọ́n wèrè ń dà yín láàmú, ẹ má bínú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

"Ibo ni ká sọ̀ sí?" ni mo bi í.

Ó wo òpó rọ́bà lọ́tùn-ún, ó wo ògiri lósì. "Kámẹ́rà méjì ṣì kù níwájú," ló wí, bí ẹni fẹ́ sunkún. "Bí mo bá já a sílẹ̀, orí mi á di méjì." Ó wa ọkọ̀ síwájú.

Èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti tírélà ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ti egungun, ti ọmọ alápá itan, ti ilé tí wọ́n ń kó àwọn tí kò dìde mọ́ sí, àti pé òní ni òpin. N kò fi iyọ̀ sí i. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ nu ọrùn.

"Aago mélòó ni wọ́n ń tì í?"

"Márùn-ún."

"Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ni a wà yìí." Ó wo ojú Bíréèkì nínú díńgí. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà yìí jù mí lọ. Tá a bá dé ibi tí ọ̀nà yìí ti pàdé ti gbogbo ayé, ó máa ń há gan-an. Ìhà wo ni mo máa gbà?"

Àbúrò mi jókòó dáadáa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ó yọ jígí dúdú. Ó tún ohùn ṣe. Ó ní, "Tó o bá débẹ̀, dúró. Jẹ́ kí gbogbo wọn kọjá ná."

Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ náà ju imú ọkọ̀ sáàárín bọ́ọ̀sì méjì, Bíréèkì di ojú, èmi pe orúkọ ìyá mi, a sì já sí ẹnu géètì ilé ìwòsàn. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ìyàwó wa kọjú sí ògiri. Ọmọ alápá itan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń rìn, ojú rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti sú u. Bí ìyàwó wa ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó yí padà.

"Kí ló rẹ yín láyà?"

"Omi."

"Òjò ń rọ̀ ni?"

"Rárá."

Kò béèrè mọ́. Ó gbé apá sókè bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ láṣọ, Bíréèkì bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó gbé e dìde. Aṣọ ilé ìwòsàn kò lẹ́yìn, gbogbo ìdí ìyàwó wa ń wo wọ́ọ̀dù. Mo sáré di etí aṣọ méjèèjì pọ̀, mo di bọ́tìnì ìdí.

Mo ń retí ẹnu Bíréèkì. Mo ní yóò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò jáde.

"Ẹ sọ̀rọ̀ ná," ni ìyàwó rẹ̀ wí, òógùn ti bò ó. "Ilẹ̀ ni mò ń wò. Kí ló wà níwájú?"

"Àga kan wà lọ́wọ́ òsì," ló wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ibi yòókù mọ́."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ọmọ alápá itan ní kó jókòó sórí àga, ó ti tó. Ìyàwó wa kọjá lára àga náà bí ẹni tí kò rí i.

"Mà, ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń ṣe é sínú abọ́ bí ológbò. Ó tó."

Bí a ṣe lọ nìyẹn, wọ́n wà níwájú, mo di ẹ̀yìn mú, gbogbo àwọn aláìsàn ń wò wá. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Agogo márùn-ún sì dún.

Nọ́ọ̀sì gíga ti dé. "Àwọn àlejò, àkókò ti tó, ẹ ṣeun o."

"Ẹni tí mo wá kí ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì," ni Bíréèkì wí.

Nọ́ọ̀sì wo bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ó wo ọmọ alápá itan, ìyẹn gbé ìka mẹ́wàá sókè, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá ló rìn. Nọ́ọ̀sì yọ bírò, ó fa ìlà gbọọrọ kan sí ara ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Ó dáa, kò lọ síbì kankan mọ́ àfi ilé rẹ̀." Ó wá kan ilẹ̀kùn. "Mà, ṣé ẹ ti ṣe tán?"

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀," ni ìyàwó wa dáhùn nínú lọ́hùn-ún. "Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ta ló ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà mi?"

Bíréèkì sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Èmi ni."



"Mélòó ló jó?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì méjì péré. Àti kọ́là kan."

"Nọ́ọ̀sì," ni ohùn ìyàwó wa wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn lọ o. Mo máa pẹ́ níbí."

Nọ́ọ̀sì wo aago ara ògiri. Ó wo ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó fa àga òsì yẹn, ó jókòó, ó sì sún díẹ̀ kí èmi náà lè ráàyè fi ìdí lé e.